Ìrànlọ́wọ́ fún Ẹni tí A Kò Mọ̀: Ìtàn Àtúnṣe Kọ̀ǹpútà ní Ouagadougou

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Òwe yìí yin ẹni tí ó béèrè. Kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tí a bi. Bẹ́ẹ̀, bí kò bá sí ẹni tí yóò dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró kí ó sì nawọ́ sí ọ̀nà, ìbéèrè nìkan kò lè mú arìnrìn-àjò dé ibi tí ó ń lọ. Ẹni tí a bi yìí ni àròkọ yìí dá lé lórí, pàápàá ẹni tí ó ran àjèjì lọ́wọ́ láti tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe. Ìlú Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ìlú náà yẹ fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Burkina Faso kò ní etíkun. Ẹ̀rọ tí yóò dé ibẹ̀ láti òkè òkun ní láti gba èbúté àwọn aládùúgbò rẹ̀ kọjá, bí Abidjan, Tema, Lomé tàbí Cotonou, kí ó tó wọ ọkọ̀ tàbí rélùwéè fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà. Bí ẹ̀rọ náà bá bàjẹ́, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é jìnnà, ẹ̀yà tí a fẹ́ pààrọ̀ sì wọ́n. Ènìyàn ni ó wà nítòsí. Nítorí náà, ìtàn kọ̀ǹpútà ní ìlú yìí ju ìtàn ẹ̀rọ tí a rà lọ; ìtàn àwọn tí ó dáhùn ìbéèrè ni pẹ̀lú.

Ọ̀nà méjì ni ìdáhùn wọ̀nyẹn gbà. Èkíní ni èyí tí a kọ sílẹ̀, ní èdè Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Èkejì ni èyí tí a fi ẹnu sọ, ní Mooré tàbí Dioula, nígbà tí ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ wà lórí tábìlì láàárín ẹni méjì. Èkíní ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Èkejì ń tú ká pẹ̀lú àwọn tí ó gbọ́ ọ. Ohun tí ìyàtọ̀ yìí ti gbà lọ́wọ́ Ouagadougou ni a fẹ́ fi hàn, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí a ń kọ́ni ní èdè Yorùbá gan-an.

Lẹ́tà tí ń rìn lóru

Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó di ohun tí ará ìlú lè rí lò, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni ó kọ́kọ́ ní in lọ́wọ́. ORSTOM, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ti ìjọba Faransé tí ó di IRD ní ọdún 1998, ní ọ́fíìsì ní Ouagadougou. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 wọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó ń so àwọn ọ́fíìsì rẹ̀ ní ilẹ̀ olóoru pọ̀ nípasẹ̀ ìsokọ́ra kan tí ó sọ ní RIO. Ní oṣù Kẹta ọdún 1993, Burkina Faso gba àmì .bf, èyí tí a fi ń dá àdírẹ́sì orílẹ̀-èdè náà mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní àkókò yẹn, ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní UUCP. Kọ̀ǹpútà kan yóò kó gbogbo lẹ́tà tí a kọ lọ́sàn-án jọ. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí owó ìpè sì dínkù, yóò pe kọ̀ǹpútà mìíràn lórí tẹlifóònù. Wọn yóò gba ẹrù lọ́wọ́ ara wọn, wọn yóò sì pa ìpè náà. Ìdáhùn kì í dé títí di ọjọ́ kejì, nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ètò yìí kọ́ àwọn ènìyàn ní ọgbọ́n ìbéèrè. Ẹni tí ó bá kọ̀wé pé "kọ̀ǹpútà mi kò ṣiṣẹ́" ti fi ọjọ́ méjì ṣòfò, nítorí ìdáhùn kan ṣoṣo tí ó lè rí gbà ni "irú ẹ̀rọ wo ni?" Ẹni tí ó gbọ́n a máa to ohun mẹ́rin sínú lẹ́tà kan: irú ẹ̀rọ tí ó ń lò, ohun tí ó fẹ́ ṣe, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ náà kọ sójú rẹ̀ gan-an, àti ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe kí nǹkan tó bàjẹ́. Olùdáhùn kò rí ẹ̀rọ náà, kò gbọ́ ariwo rẹ̀, kò sì lè fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ nìkan ni ó ní. Nítorí náà, iṣẹ́ èdè ni irú ìrànlọ́wọ́ yìí kí ó tó di iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Àṣà náà ti wà níbòmíràn kí ó tó dé ìlú Mossi. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1969, Steve Crocker kọ àkọ́kọ́ nínú àwọn ìwé tí wọ́n ń pè ní RFC, èyí tí a fi ń tọrọ èrò ẹlòmíràn lórí bí a ó ṣe so kọ̀ǹpútà pọ̀. Ní ọdún 1979, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà gbìmọ̀ Usenet, níbi tí ẹni tí kò mọ ara wọn ti lè bi ara wọn léèrè. Nígbà tí ìbéèrè kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá lemọ́lemọ́, àwọn kan kó ìbéèrè àti ìdáhùn jọ sí ojú kan kí àjèjì lè kọ́kọ́ kà á. Nígbà tí Linus Torvalds kéde ètò tí ó di Linux ní oṣù Kẹjọ ọdún 1991, èrò àwọn tí kò mọ̀ rí ni ó ń béèrè fún. Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé àṣà yìí ró, Faransé sì tètè tẹ̀lé e.

Àáró kọ́, ọ̀wẹ̀ kọ́

Ó yẹ kí á wo ibi tí irú oore yìí bọ́ sí nínú ètò ìrànlọ́wọ́ tí a jogún. Yorùbá ní àáró: èmi bá ọ ro oko lónìí, ìwọ bá mi ro lọ́la, a sì mọ iye ọjọ́ tí a jẹ ara wa. A tún ní ọ̀wẹ̀: ẹni tí ó ní iṣẹ́ ńlá pe ará àti ojúlùmọ̀, ó sì bọ́ wọn yó. Àwọn Mossi náà ní irú iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe bẹ́ẹ̀, sosoaga ni wọ́n ń pè é. Nínú àwọn ètò wọ̀nyí, olùrànlọ́wọ́ mọ ẹni tí ó ràn, ó sì mọ ilé rẹ̀.

Ẹni tí ó dáhùn ìbéèrè àjèjì nípa kọ̀ǹpútà kò ní irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀. Ó lè má gbọ́ ìròyìn pé ẹ̀rọ náà jí. Ìsanpadà rẹ̀ kì í wá láti ọwọ́ ẹni tí ó ràn; ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni yóò ti rí i, lọ́jọ́ tí ti òun náà bá bàjẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni ó mú kí àdéhùn yìí lè dúró: ìdáhùn náà wà ní kíkọ. Ìdáhùn tí a fi fún ẹnì kan lónìí lè ran ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ́wọ́ ní ọdún mẹ́wàá sí i. Bí a bá yọ ìwé kúrò nínú rẹ̀, ó di oore àdúgbò lásán, tí ó dára ṣùgbọ́n tí kò kọjá ẹnu ọ̀nà.

Ìlẹ̀kùn Faransé

Ní ọdún 1998, a dá ẹgbẹ́ Yam Pukri sílẹ̀ ní Ouagadougou. Mooré ni orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ ohun tí àwa ń pè ní ìlàjú. Sylvestre Ouédraogo, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé, ni aṣáájú rẹ̀, ète ẹgbẹ́ náà sì ni láti mú kọ̀ǹpútà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní i nílé àti ẹni tí kò kọ́ nípa rẹ̀ rí. Ní ọdún 2003, Ouédraogo tẹ ìwé kan jáde tí ó sọ ní L'ordinateur et le djembé, ìyẹn kọ̀ǹpútà àti ìlù djembé. Orúkọ ìwé náà fi ẹ̀rọ tí ń kọ̀wé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù tí ń fọhùn, ó sì bá ọ̀rọ̀ wa mu rẹ́gí.

Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ́ tí ó gbọ́ Faransé di adènà. Yóò ka ìdáhùn tí àjèjì kọ ní Paris tàbí Montréal, yóò sì yí i sí Mooré fún oníṣòwò tí ó jókòó tì í. Ìmọ̀ wọlé báyìí, ó sì ṣe àwọn ènìyàn láǹfààní púpọ̀. Àmọ́ ohun tí ọ̀dọ́ náà rí fúnra rẹ̀ nígbà tí ó tú ẹ̀rọ náà kì í sábà gba ojú ọ̀nà kan náà jáde.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan. Kọ̀ǹpútà kan ń kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tí ó wà ní ilẹ̀ tútù lè kọ́kọ́ fura sí fáírọ́ọ̀sì tàbí sí ètò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sórí ẹ̀rọ. Atúnnǹkanṣe Ouagadougou yóò kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọ́n ń gbé e sí. Láti oṣù Kọkànlá ni ọyẹ́ ti ń gbé eruku Sàhárà wọ ilé. Eruku náà á dí fáànù kékeré tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọkàn ẹ̀rọ. Nígbà tí ó bá di oṣù Kẹrin, tí ooru ìta lè kọjá 40°C, ọkàn ẹ̀rọ náà á gbóná kọjá ààlà, ẹ̀rọ á sì pa ara rẹ̀ kí ó má baà jóná. Búrọ́ọ̀ṣì, atẹ́gùn àti ọ̀rá tuntun tí ń gba ooru kúrò lára ọkàn ẹ̀rọ lè wò ó sàn. Ìmọ̀ yìí wúlò ní Niamey, ní Gao, ní Sókótó àti ní Kano, nítorí ọyẹ́ kan náà ni ó ń fẹ́ níbẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ní Mooré tí a kò kọ ọ́, àjèjì tí ó wà ní Niamey yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìpàdánù tí a ń sọ nìyí. Àwọn ara Ouagadougou ní ìmọ̀ tí ayé lè lò, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní kíkọ pọ̀ ju ohun tí wọ́n fi fúnni ní kíkọ lọ.

Lẹ́tà tí ó di àpótí

A lè rò pé Mooré kò ṣeé fi kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìtàn kò gbè é. Ní ọdún 1986, lábẹ́ ìjọba Thomas Sankara, ètò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí wọ́n pè ní Alpha Commando fi àwọn èdè ìbílẹ̀ kọ́ àwọn àgbẹ̀. Iṣẹ́ oko rí ìwé ní èdè ìbílẹ̀ gbà. Àtúnṣe ẹ̀rọ kò rí irú àbójútó bẹ́ẹ̀.

Ìdínà kan tún wà nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Mooré ń lo ɛ, ɩ àti ʋ, àwọn lẹ́tà tí kò sí lára kíbọọ̀dù Faransé. Bí ẹnì kan bá fi wọ́n kọ̀wé ní àwọn ọdún 1990 tí ó sì fi ìwé náà ránṣẹ́, wọ́n lè di àpótí kéékèèké tàbí àmì mìíràn lójú ẹ̀rọ ẹni tí ó gbà á. Yorùbá mọ ìyà yìí dáadáa. Unicode, tí a kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní ọdún 1991, fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, síbẹ̀ kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́. A ní láti kó ẹ àti àmì ohùn pọ̀. Ẹ̀rọ tí kò mọ bí a ti ń kó wọn pọ̀ á ju àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹni tí ó ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín, àjèjì ni púpọ̀ nínú wọn. Láti ọdún 2004, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tí ó ṣiṣẹ́ lórí àwòrán lẹ́tà DejaVu ti fi lẹ́tà èdè Áfíríkà kún un, ẹnikẹ́ni sì lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó lè yọrí, ẹni tí ó gbọ́ èdè ní láti sọ pé àmì yìí ga jù tàbí lẹ́tà yẹn kò jọ tiwa. Níbi yìí, agbédè ni a ń bi léèrè, òun ni ó sì ń dáhùn.

Ìkádìí

Ní ọdún 2011, Gildas Guiella àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ouagalab sílẹ̀ ní Ouagadougou, ibi tí àwọn ènìyàn ti lè pàdé láti fi ọwọ́ ara wọn ṣe ẹ̀rọ, kí wọ́n sì kọ́ ara wọn níṣẹ́. Ibẹ̀ àti àwọn ìsọ̀ àtúnṣe káàkiri ìlú fi hàn pé ọgbọ́n kò wọ́n níbẹ̀. Ní ìparí ọdún 2023, àwọn aṣòfin Burkina Faso fọwọ́ sí àtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè tí ó sọ àwọn èdè ìbílẹ̀ di èdè ìjọba, tí ó sì sọ Faransé di èdè iṣẹ́. Oyè ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n oyè láìsí oko kì í bọ́ ènìyàn. Bí ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bàjẹ́ kò bá rí ìdáhùn kà ní Mooré, Faransé ni yóò ṣì máa lọ bá.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Ní ọdún 1991, Nàìjíríà tẹ ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin jáde ní Gẹ̀ẹ́sì, Haúsá, Ígbò àti Yorùbá. Àwọn onímọ̀ jókòó, wọ́n sì ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tí ó yẹ. Ní ọjà Otigba ní Ìkẹjà, àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe kò dúró de ìgbìmọ̀ kankan: ẹ̀rọ ń háńgì, ẹ̀rọ dákú, báàtìrì kò gba iná mọ́. Ọ̀rọ̀ tí a ti fi iṣẹ́ dán wò ni ìwọ̀nyí. Olùkọ́ èdè tí ó bá fẹ́ kọ ìwé lórí ẹ̀rọ ní Yorùbá yóò ṣe dáadáa bí ó bá kọ́kọ́ jókòó ní ìsọ̀, kí ó gbọ́ bí oníbàárà ṣe ń ṣàlàyé àrùn ẹ̀rọ rẹ̀ àti bí ọ̀gá ṣe ń dá a lóhùn, kí ó sì kọ méjèèjì sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. A ti fi ọgbọ́n àjèjì tún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ṣe ní Ouagadougou àti ní Ìkẹjà. Ọgbọ́n tiwa náà yẹ kí ó wà níbi tí àjèjì ti lè rí i kà.