Ìwé Mẹ́fà: Ibi Tí Ilé-Ìwé Àwọn Ìyá Wa Parí Sí

Ìbéèrè kan ni mo máa ń bi àwọn ìyá àgbà ní agbègbè Yewa, láti Ìlaròó títí dé Ayétòrò: "Mọ̀mí, ìwé mélòó ni ẹ kà?" Ìdáhùn tí mo ń gbọ́ jù ni "Ìwé mẹ́fà." Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́fà? Ìtàn rẹ̀ la fẹ́ sọ lónìí.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kó tó dìgbà náà, bàbá á kọ́kọ́ wo àpò rẹ̀, ọmọkùnrin ló sì sábà máa ń mú. Nígbà tí owó kúrò nílẹ̀, ọmọ ya lu ilé-ìwé. Káàkiri ẹkùn náà, iye wọn kúrò ní nǹkan bí 457,000 ní 1954, ó lé ní 811,000 ní 1955. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tí ìyá wọn ò mọ̀wé rárá wà lára wọn.

Àmọ́ ọdún mẹ́fà péré ni ọ̀fẹ́ ọ̀hún. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Modern School tàbí girama, owó ni yóò san. Ẹ̀gbádò College ti wà ní Ìlaròó láti 1950. Comprehensive High School dé sí Ayétòrò ní 1963 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ mọ́ ìwé. Ilé-ìwé wà nítòsí, owó ni ò sí. Bí owó bàbá ò bá ju ti ọmọ kan lọ, ọ̀rọ̀ àtijọ́ á tún jáde: ilé ọkọ ni obìnrin ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ọdún 1979 ni ìjọba Olóyè Bísí Ọ̀nàbánjọ sọ girama di ọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọmọbìnrin tó wọ kíláàsì kìíní ní 1955 ní ọmọ ọdún mẹ́fà parí ní 1960. Nígbà tí girama fi di ọ̀fẹ́, ó ti pé ọgbọ̀n ọdún, ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ. Ọdún 1979 yẹn náà ni ìjọba àpapọ̀ dá Pólí Ìlaròó sílẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni ìyẹn bá.

Kí ló wá ṣe? Bí àwọn oníwèé mẹ́fà ṣe ń pọ̀ nígboro ni àwọn ọ́fíìsì ń béèrè ìwé tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ló bá gba ọjà lọ. Ọ̀nà ọjà náà ò sì dán. Ní 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fa ààlà gba àárín wa kọjá: Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìlaròó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà tí àwọn ìyá àgbà ń rìn láìtọrọ gáfárà wá di ọ̀nà kọ́sítọ́ọ̀mù. Ní oṣù Kẹjọ 2019, ìjọba ti ẹnubodè pa. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbé epo bẹntiróò lọ sí ilé-epo tí kò ju kìlómítà 20 sí ààlà. Epo yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìlọta àti ẹ̀rọ gaàrí ń mu, obìnrin ló sì ń fi wọ́n jẹun.

Ìyá tó bí ìyá mi wà lára àwọn oníwèé mẹ́fà yìí. Òun ló ń ka lẹ́tà fún gbogbo àdúgbò, síbẹ̀ nínú ẹbí wa, wọ́n máa ń sọ pé kò kàwé. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí. Ó kàwé dé ibi tí ọ̀fẹ́ dé.

Òfin 2004 ti sún ibẹ̀ síwájú: ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ti di ọ̀fẹ́ àti dandan. Lẹ́yìn rẹ̀, owó ìdánwò àti owó Pólí ń dúró de ọmọbìnrin ẹnubodè, bàbá á sì tún wo àpò rẹ̀.

Bí ìyá àgbà bá wà nílé yín, ẹ bi í pé kíláàsì wo ló dé, ta ló sanwó, ta ló sì ní kó dúró. Ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.