Àgbáyun àti Ìtàn Bí Ahọ́n Ṣe Ń Mọ Adùn

Àgbáyun kì í ṣe èso tí à ń jẹ yó. Kò gùn ju orí ìka lọ, ó pupa, kóró kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ẹran tó bo kóró náà kò sì tó nǹkan. Adùn tirẹ̀ gan-an kò pọ̀. Àmọ́ ẹ lá ẹran náà ká gbogbo ahọ́n ná, kí ẹ tu kóró rẹ̀ dànù, kí ẹ wá mu ọsàn wẹ́wẹ́ lé e: ọsàn tó yẹ kó mú kí eyín kan yín á dùn bí oyin. Ó lè tó wákàtí kan kí agbára rẹ̀ tó tán lẹ́nu.

Etí òkun tó gba iwájú Àjàṣẹ́ kọjá lọ sí Ouidah, ni ìtàn rẹ̀ nínú ìwé ti bẹ̀rẹ̀. Chevalier des Marchais, ará Faransé tí òwò ẹrú gbé dé Ouidah ní 1725, rí i pé èso kan wà níbẹ̀ tó ń sọ ohun kíkan di dídùn. Ní 1730, àlùfáà Labat tẹ ìtàn ìrìnàjò des Marchais jáde. Nígbà tó di 1852, W. F. Daniell, dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ṣàpèjúwe igi náà fún àwọn onímọ̀. Ó kọ ọ́ pé àwọn èèyàn ń jẹ èso náà kí wọ́n lè gbádùn ẹ̀kọ tó kan àti ẹmu tó ti kan. Ẹni tó mọ bí ògì ṣe ń kan, tó sì mọ̀ pé ẹmu àná kì í ṣe ẹmu òwúrọ̀, á mọ̀ pé ọlọ́gbọ́n ló ronú kan ìlò yìí. Orúkọ àwọn àlejò ló kún inú ìtàn àgbáyun. Ti àwọn tó fi í hàn wọ́n kò sí níbẹ̀, ó sì dùn mí.

Ìdí tí àgbáyun fi ń sọ ìkan di adùn pẹ́ kó tó yé ẹnikẹ́ni, torí a ní láti kọ́kọ́ mọ bí ahọ́n ṣe ń mọ adùn. Ní 1901, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Hänig ní Jámánì wádìí ibi tí ahọ́n ti ń tètè mọ adùn, ìkorò, iyọ̀ àti ìkan. Ìyàtọ̀ tó rí kéré púpọ̀, àmọ́ àwọn tó kọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀ sọ ọ́ di ńlá, ìwé ilé ẹ̀kọ́ sì ń kọ́ ọmọdé pé ṣónṣó ahọ́n nìkan ló ń mọ ohun dídùn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ibi gbogbo tí kókó ìtọ́wò wà lórí ahọ́n ló ń mọ gbogbo rẹ̀, títí kan adùn ọbẹ̀ tí Kikunae Ikeda ní Japan ṣàwárí ní 1908, irú èyí tí irú ń fún ẹ̀fọ́.

Ní 1968, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní Netherlands, ẹgbẹ́ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, yọ purotéènì tó ń ṣiṣẹ́ náà jáde nínú àgbáyun: miraculin. Ní 2001 ni wọ́n rí ohun tó ń gba adùn wọlé lára sẹ́ẹ̀lì ahọ́n, purotéènì méjì tó so pọ̀, T1R2 àti T1R3. Ní 2011, àwọn ará Japan fi hàn pé miraculin máa ń lẹ̀ mọ́ méjèèjì yìí. Bí ẹnu bá wà bó ṣe yẹ, ó kàn jókòó síbẹ̀ ni, kò mú adùn kankan wá. Bí omi ọsàn bá ti kàn án, ó yí ìrísí padà, ó tẹ T1R2 àti T1R3, ahọ́n sì ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ohun dídùn dé. Bí itọ́ bá fọ ìkan náà kúrò, ó dákẹ́. Ẹ tún mu ọsàn, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Òórùn ọsàn náà kò yí padà, nítorí imú ló ń gbọ́ òórùn. Linda Buck àti Richard Axel ló ṣàwárí ní 1991 àwọn àbùdá tó ń ṣe é, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2004. Nítorí pé imú ló ń gbọ́ òórùn ni oúnjẹ fi máa ń tẹ́ lẹ́nu ẹni tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú, bí ahọ́n rẹ̀ tilẹ̀ pé.

Iná máa ń ba miraculin jẹ́, nítorí náà a kì í se àgbáyun. Èso tútù náà kì í sì í pẹ́ tó fi ń bàjẹ́. Ní 1974, ìjọba Amẹ́ríkà dí ilé iṣẹ́ kan tó fẹ́ tà á níbẹ̀ lọ́nà. Ní 2021, Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbà kí wọ́n máa ta èso gbígbẹ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín, kó gbin kóró rẹ̀ ní tútù, nítorí èyí tó bá gbẹ kì í sábà hù. Ó sì máa ń tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó so.