Ọdún Mẹ́tàdínlógún: Ìtàn Ọjọ́ Orí àti Ìwé Àṣẹ Ìbọn

Jericho jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tí ìjọba amúnisìn yà sọ́tọ̀ ní Ìbàdàn fún àwọn òyìnbó òṣìṣẹ́ rẹ̀. Dùgbẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀, ṣùgbọ́n ariwo ọjà kì í fi bẹ́ẹ̀ dé àárín àwọn igi ńláńlá tó yí àwọn ilé náà ká. Orí òkè Jericho ni ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìwádìí nípa igbó wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954, tí a ń pè ní FRIN lónìí. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga nípa ìtọ́jú igbó náà wà níbẹ̀. Tí èèyàn bá tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó dé Ẹlẹ́yẹlé, níbi tí olú ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà. Igbó ni ọdẹ ń gbé ìbọn wọ̀. Ọwọ́ ọlọ́pàá sì ni ìwé àṣẹ ìbọn wà. Ọmọ ọdún mélòó ni òfin gbà láyè láti gba ìwé náà?

Ní Nàìjíríà, 17 ni ìdáhùn rẹ̀. Nọ́ńbà yìí ti wà nínú ìwé òfin láti 1959. Iyàn tó ń gbóná láàárín wa kì í sábà jẹ́ lórí rẹ̀ rárá: irú ìbọn àti irú ẹni tó yẹ kó gbé e ni a máa ń jà lé lórí. Kí a tó mọ ìdí rẹ̀, ó yẹ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀.

Àgọ́ ogun ni Ìbàdàn fi bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1829, ìbọn tó ń ti etíkun wọlé sì wà lára ohun tó sọ ọ́ di ìlú alágbára. Ní ayé ìgbà náà, kò sí ẹni tó ń ka ọdún fún ọmọdé kó tó tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ lọ sójú ogun. Ẹrù ni yóò kọ́kọ́ máa rù, lẹ́yìn náà omi àti ẹ̀tù, títí ọ̀gá yóò fi rí i pé apá rẹ̀ ká ìbọn. Ogun Kírìjì, tí orúkọ rẹ̀ ti inú ìró ìbọn wá, bẹ̀rẹ̀ ní 1877 láàárín Ìbàdàn, lábẹ́ Ààrẹ Látòósà, àti Èkìtìparapọ̀, tí Ògèdèǹgbé jẹ́ ọ̀gágun wọn. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ àgọ́ kò tú tán àfi ìgbà tí Gómìnà Carter wá láti Èkó ní 1893. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí ogun náà bẹ̀rẹ̀, ọdún 16 péré ló jẹ́ nígbà tí ogun tú. Bí wọ́n bá fi òfin 1959 wọ̀n ọ́n, kò tíì tó ẹni tó ń gba ìwé àṣẹ ìbọn.

Ìbọn tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ ọmọ ogun, tó sì wà lọ́wọ́ ọdẹ títí dòní, ni ṣakabùlà. Bí wọ́n ṣe ń kì í tó ohun tí ó yẹ kí a fara balẹ̀ wò. Ọdẹ á gbé ìdí ìbọn lélẹ̀, á kọ ẹnu rẹ̀ sókè. Á da ẹ̀tù sí i, á ki ihá tàbí àkísà lé e, á wá fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gún un títí yóò fi ki pọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn èyí ni ọta á tó wọlé, tó lè jẹ́ ègé irin lásán. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, ìbọn lè bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ó bá kéré jù, ẹran á gbọgbẹ́, á sì sá wọgbó lọ. Ìwọ̀n ẹ̀tù yìí ni ọmọ ọdẹ ń kọ́ lẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀, kò sì sí iye ọdún kan pàtó tí ẹ̀kọ́ náà ń parí. Ẹlòmíràn mọ̀ ọ́n kí irùngbọ̀n rẹ̀ tó hù. Ẹlòmíràn dàgbà, kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí àwọn àgbà ọdẹ ń wò ni ìwà àti ọwọ́, wọn kì í wo iye ọdún.

Àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ ṣòfin ìbọn fún ilẹ̀ Áfíríkà kò wo ọjọ́ orí náà. Ní 1890, ní Brussels, àwọn ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù fohùn ṣọ̀kan láti dí ọ̀nà tí ìbọn ìgbàlódé ń gbà wọ apá tó pọ̀ jù ní Áfíríkà, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ìbọn olókùúta àtijọ́. Àdéhùn náà ní orúkọ rere, nítorí òwò ẹrú ni wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ gbógun tì. Ṣùgbọ́n kò ṣòro láti rí ẹni tó jèrè rẹ̀: ìbọn tó ń yìn léraléra wà lọ́wọ́ ọmọ ogun òyìnbó, ṣakabùlà sì kù sọ́wọ́ tiwa.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ti wọnú òfin. Òfin wọn ti 1920 ní kí ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 14 má ra ìbọn. Èyí tó tẹ̀ lé e ní 1937 sì gbé e lọ sí 17. Nígbà tó fi máa di 1959, tí Nàìjíríà, tó ṣì wà lábẹ́ wọn, ní Òfin Ìbọn tirẹ̀, 17 kan náà ló fara hàn nínú abala keje. Nínú òfin amúnisìn nípa àwọn ọmọdé, tí wọ́n ṣe ní 1943, ọdún 17 náà ni ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀dọ́ ń jáde kúrò lábẹ́ ààbò kóòtù ọmọdé. Ó jọ pé òǹkà tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n kàn gbé lé ìbọn. Ẹ sì wo èyí: nínú ìdìbò gbogboogbò tó wáyé lọ́dún 1959 yẹn, ọdún 21 ni ọmọ Ìbàdàn ní láti pé kó tó lè dìbò. Òfin gbà á gbọ́ pẹ̀lú ìbọn fún ọdún mẹ́rin kó tó gbà á gbọ́ pẹ̀lú ìwé ìdìbò.

Òfin 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìbọn ológun, bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò-ọta àti ìbọn ìléwọ́ jẹ́ èèwọ̀, àfi bí olórí ìjọba bá fọwọ́ sí i. Ìbọn ọdẹ olóyìnbó tó ń lo kàtírìjì, pẹ̀lú ìbọn afẹ́fẹ́, wà lábẹ́ àṣẹ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá. Irú èyí ló bá àwọn tó ń gbé ní Jericho mu, àwọn tó ń lọ yìnbọn sẹ́yẹ ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń kì láti ẹnu, tí pámíìtì wà fún. Fún oríṣi méjì ìkẹyìn yìí ni abala keje ti sọ pé kí wọ́n má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní ìwé bí ìdí bá wà láti gbà pé kò tíì pé ọdún 17, tàbí pé orí rẹ̀ kò pé, tàbí pé ojú rẹ̀ kò ríran tó, tàbí pé ọ̀mùtí ni, tàbí pé kóòtù ti dá a lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún tó kọjá.

“Bí ìdí bá wà láti gbà” ni òfin wí, ọ̀rọ̀ yẹn sì ṣe pàtàkì. Òfin kò ní kí onítọ̀hún mú ẹ̀rí ọjọ́ ìbí wá. Ojú ọlọ́pàá ló fi ọ̀rọ̀ sí. Ní 1959, kí ni ọlọ́pàá ì bá ṣe? Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí ní abúlé kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí: wọ́n á ní ọdún tí ọba kan gorí ìtẹ́ tàbí ọdún tí eṣú jẹ oko ni wọ́n bí i. Ẹni tó bá nílò ìwé, kóòtù ló ń lọ búra, àwọn àgbà ilé á sì sọ ohun tí wọ́n rántí. Òfin àkọsílẹ̀ dandan fún ọmọ tuntun tó ń ṣiṣẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè lónìí, 1992 ló jáde. Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, nọ́ńbà kan wà nínú ìwé tí kò fi bẹ́ẹ̀ sí ọ̀nà láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Kí ó tó dìgbà náà, ìdààmú mìíràn ti gba ọkàn ìjọba. Ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìbàdàn dìde sí owó orí lábẹ́ orúkọ Àgbẹ́kọ̀yà, Táfà Adéoyè sì jẹ́ aṣáájú wọn. Ṣakabùlà wà lára ohun ìjà wọn, wọ́n sì fi í dojú kọ ọlọ́pàá tó ní ìbọn ìgbàlódé. Ní oṣù Kẹsàn-án 1969, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n sì tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ogun abẹ́lé parí, ìbọn ogun fọ́n ká, adigunjalè sì pọ̀ sí i. Ìjọba Gowon gbé òfin olè àti ìbọn jáde ní 1970, ikú sì ni èrè adigunjalè. Bí òfin náà ṣe wà nínú ìwé lónìí, ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn tí kò níwèé mọ́ lọ́wọ́ lè san ₦20,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ó kéré tán, tàbí kó jẹ méjèèjì. Láti ìgbà náà, ìbọn tí kò níwèé rárá ni òfin ń lé. Èmi gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ti sọnù: ọjà tí wọ́n ti ń ta ìbọn lábẹ́lẹ̀ kò béèrè ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni.

Lókè òkun, iyàn ọjọ́ orí kò sinmi. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi 17 lé wa lọ́wọ́ ti kúrò lórí rẹ̀: òfin 2006 gbé ọjọ́ orí ríra ìbọn afẹ́fẹ́ lọ sí 18, ìbọn yòókù sì tẹ̀ lé e ní 2010. Ní Amẹ́ríkà, òfin àpapọ̀ ti 1968 kò gba oníṣòwò tó níwèé láyè láti ta ìbọn ìléwọ́ fún ẹni tí kò bá tíì pé 21, ṣùgbọ́n ẹni ọdún 18 lè ra ìbọn gígùn. Ní 14 oṣù Kejì 2018, ọ̀dọ́kùnrin ẹni ọdún 19 kan yìnbọn pa èèyàn 17 ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Parkland, Florida. Ìbọn gígùn tó rà lọ́nà tó bófin mu ló lò. Kí oṣù kan tó pé, ìjọba Florida ti gbé ọjọ́ orí ríra gbogbo ìbọn sí 21. Lọ́jọ́ tí gómìnà fọwọ́ sí i gan-an ni NRA, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn oníbọn, gba kóòtù lọ. Ọ̀rọ̀ wọn kò ju pé ẹni ọdún 18 tó lè dìbò, tó lè wọṣẹ́ ológun, kò yẹ ní ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Àwọn tó ta kò wọ́n ní ọmọ ọdún 18 ló yìnbọn ní Buffalo àti ní Uvalde lóṣù Karùn-ún 2022, ọmọ ilé-ìwé 19 àti olùkọ́ méjì sì kú ní Uvalde nìkan. Àwọn adájọ́ náà kò fẹnu kò: ní oṣù Kìíní 2025, kóòtù kan ní ìhà gúúsù fagi lé òfin tó ní kí àwọn ọmọ ọdún 18 sí 20 má ra ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ oníṣòwò, ní oṣù Kẹta ọdún kan náà, òmíràn gbè sẹ́yìn òfin Florida.

Ní ilé, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 sọ pé ọmọdé ni ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì pé 18, Ọ̀yọ́ sì ṣe irú òfin náà ní 2006. Ọmọ ọdún 17 di ọmọdé lábẹ́ òfin kan, ó sì jẹ́ ẹni tó lè gba pámíìtì ìbọn lábẹ́ òfin kejì. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó wà ní Agodi kò lè tún un ṣe, nítorí ìbọn, ọta àti ohun abúgbàù ni nọ́ńbà kejì nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ìwé òfin 1999 fi sílẹ̀ fún ìjọba àpapọ̀ nìkan.

Ọ̀rọ̀ agbára yìí ló hàn gbangba nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá dá ẹ̀ṣọ́ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀. Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣí i ní 9 oṣù Kìíní 2020, lẹ́yìn ètò tí DAWN, àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè ilẹ̀ Yorùbá, ṣe láti Cocoa House ní Dùgbẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, Malami, agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, ní kò bófin mu. Àwọn ìpínlẹ̀ gba ilé aṣòfin wọn lọ, Gómìnà Mákindé sì fọwọ́ sí ti Ọ̀yọ́ ní oṣù Kẹta. Ní 2022, ọdún tí wọ́n pa àwọn olùjọsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Ọ̀wọ̀, Gómìnà Akérédolú ti Oǹdó béèrè pé kí Àmọ̀tẹ́kùn gbé AK-47. Ìbọn ológun nìyẹn, èèwọ̀ sì ni láti 1959. Nínú gbogbo awuyewuye yìí, ẹnu kò kan 17.

Àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS lórí ìbọn, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Àbújá ní 14 oṣù Kẹfà 2006, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009, ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan má fún aráàlú ní ìwé ìbọn àyàfi bí ó bá pé ọjọ́ orí tí òfin là sílẹ̀, tí kò sì ní ẹ̀sùn ọ̀daràn lọ́rùn, tó kọ́ bí a ṣe ń lò ó, tó sì ní ibi tí yóò tọ́jú rẹ̀ sí. Iye ọdún ni àdéhùn náà kò dá. Ó fi í sílẹ̀ fún ìjọba kọ̀ọ̀kan, ti Nàìjíríà sì wà níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí ní 1959.