Ta Ni Yóò Tún Òrùlé Ṣe?



Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí omi bẹ̀rẹ̀ sí kán tó! tó! sórí ẹní ayálégbé, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í pẹ́ jáde. Ayálégbé á ní, “Bàbá, ilé yín ń jò.” Onílé á dáhùn pé, “Ṣebí ìwọ l'o ń gbé inú rẹ̀? Tún un ṣe.” Ta ni ó jàre? Kí á tó dájọ́, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi ìtàn léèrè.

Ní Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tí yóò bo òrùlé ààfin. Koríko kan wà tí à ń pè ní bẹẹrẹ, òun ni wọ́n fi ń bo ilé. Lọ́dọọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ìlú tí ń sin Aláàfin a máa ru ìtí bẹẹrẹ wá fún un. Ọdún Bẹẹrẹ ni wọ́n ń pè é. Samuel Johnson, ẹni tí ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé iye Bẹẹrẹ tí ọba bá ṣe ni wọ́n fi ń ka iye ọdún tí ó lò lórí oyè. Ìlú tí ó bá gbé bẹẹrẹ wá ti fi hàn pé òun mọ olúwa òun; èyí tí ó bá kọ̀, ọlọ̀tẹ̀ ni wọ́n kà á sí. Àwọn àgbà ní ilé ọba t'ó jó, ẹwà l'ó bù sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ọba ní ènìyàn tí yóò tún un kọ́.

Mẹ̀kúnnù náà ní ènìyàn tirẹ̀. Nínú agbo ilé, kò sí pé à ń san owó yàrá. Bí òrùlé ẹnì kan bá jẹrà, wọ́n a bẹ ọ̀wẹ̀. Tọmọdé tàgbà a gbé koríko àti okùn dé, ẹni tí a ń ràn lọ́wọ́ a sì fún wọn ní oúnjẹ. Nígbà tí ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún tú Ọ̀yọ́ Ilé, Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́ Ọ̀jà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ìlú tí ogun fọ́ sì sá wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ilẹ̀ ni àlejò ń gbà, kì í ṣe yàrá. Òun fúnra rẹ̀ l'ó ń kọ́ ilé, òun l'ó sì ń tún un ṣe. Bí ó bá dá oko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ó lè san ìṣákọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin igi tí ń pẹ́ láyé, bí obì àti kòkó, láìgba àṣẹ. Àwọn àgbà mọ̀ pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti ta gbòǹgbò nínú ilẹ̀ kò ní fẹ́ lọ lọ́wọ́ òfo.

Pàánù l'ó yí ọ̀ràn padà. Ní 1907 ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo. Kò gba Ọ̀yọ́ kọjá, kò gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá, ṣùgbọ́n ẹrù tí ó ń kó dé ọ̀dọ̀ wa. Pàánù kì í jóná bíi koríko, àmọ́ a kì í gé e nínú igbó: owó ni a fi ń rà á, káfíńtà ni í sì í kàn án. Ọ̀wẹ̀ bá dẹ̀yìn. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń ṣòwò ní Gold Coast, tí ó di Gánà ní 1957, títí dé Tamale lókè, fi èrè wọn kọ́lé sí ìlú wọn. Bí onílé kò bá sí nílé, ìbátan rẹ̀ ni í gba owó ilé. Ṣùgbọ́n bí ilé bá jò, ìbátan á ní òun yóò kọ́kọ́ kọ̀wé sí ẹni tí ó ni ín. Òjò kì í sì í dúró de lẹ́tà!

Òfin wá dá sí i. Ní 1945 ìjọba amúnisìn ṣe òfin lórí bí onílé ṣe lè gba ilé rẹ̀ padà. Kò gbọdọ̀ ṣàdédé kó ẹrù ayálégbé síta. Bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ẹni tí ń sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yóò gba ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ kan, ti oṣooṣù yóò gba oṣù kan, ti ọdọọdún oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn èyí, ìkìlọ̀ ọjọ́ 7 ṣì kù kí wọ́n tó dé kóòtù. Síbẹ̀, àwọn onílé kan a máa gun orí ilé lọ yọ pàánù, kí òjò lè bá wọn lé ayálégbé jáde. Ẹ wo ohun tí òrùlé dà láàrin wa!

Ní ti àtúnṣe, ẹ gbọ́ ẹjọ́ kan tí wọ́n dá ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1953. Onílé kan ní kí ayálégbé tí ń sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ san owó tí òun fi tún ògiri àti fèrèsé ṣe. Adájọ́ Denning ní rárá o. Kí ayálégbé máa ṣe iṣẹ́ wẹ́wẹ́, kí ó la ojú ihò omi tí ó bá dí, kí ó tún ohun tí òun tàbí àlejò rẹ̀ bá bàjẹ́ ṣe; ṣùgbọ́n ohun tí ogbó bá bàjẹ́ nínú ilé kì í ṣe ẹrù rẹ̀. Ayálégbé, má tíì jó! Òfin àtijọ́ tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì yìí kò fi dandan mú onílé pẹ̀lú, bí kò bá ti sí nínú àdéhùn. Nítorí náà òrùlé lè máa jò, kí òfin má sì rí ẹni tí yóò mú.

Owó ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí á ní ayálégbé kan ra pàánù, ó sì san owó káfíńtà, láìsọ fún onílé. Lọ́jọ́ tí yóò lọ, kò lè tú pàánù náà gbé. Ohun tí a kàn mọ́ ilé ti di ti ilé. Kò sì rọrùn fún un láti gba owó rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó bá a ṣe àdéhùn. Bákan náà ni ọmọ tí ó tún ilé ẹbí ṣe: ọpẹ́ yẹ ẹ́, àmọ́ ilé ẹbí l'ó ṣì ń jẹ́. Òfin ilẹ̀ tí ó jáde ní oṣù kẹta ọdún 1978 sọ pé bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún ire gbogbo ìlú, yóò san owó ilé àti irè oko tí ó wà lórí rẹ̀. Ìjọba ni ọ̀rọ̀ yẹn dè. Kò dé àárín onílé àti ayálégbé.

Kí ni kí á ṣe? Àwọn baba wa kò kọ ìwé, ṣùgbọ́n kí koríko orí ilé tó gbó ni wọ́n ti mọ ẹni tí yóò gé tuntun. Ẹ jẹ́ kí àwa náà mọ̀ ọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lọ́jọ́ tí kọ́kọ́rọ́ bá ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni yóò tún òrùlé ṣe? Ta ni yóò tún ilẹ̀kùn ṣe? Bí ayálégbé bá náwó, ṣé nínú owó ilé ni wọn yóò ti yọ ọ́? Kí onílé fọwọ́ sí i, kí ayálégbé sì tọ́jú rìsíìtì rẹ̀. Bí òjò bá wá dé, ẹ ó bá ara yín gbé àkàbà, ẹ kò ní bá ara yín gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù.

Ó dìgbà kan ná.