Aṣọ Hausa ní Lọ́kọ́ja: Ìtàn Iṣẹ́ Ìhìnrere Láàárín Àwọn Tálákà Ẹ̀yà Mìíràn

Ìgbìmọ̀ tí ń ṣe ìtọ́jú ìwé ìrántí yìí bẹ̀ wá pé kí a kọ díẹ̀ nínú ìtàn bí ìhìnrere ti ń kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀yà kan dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yà mìíràn, àti ní pàtàkì bí ó ti ń dé ọ̀dọ̀ àwọn aláìní. Ìbá rọrùn fún wa láti to orúkọ àwọn àlùfáà àti ọjọ́ tí a fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, kí a sì jókòó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn wa fún ọjọ́ pípẹ́, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lórí Odò Ọya ní ọdún 1890 ni yóò sì ràn wá lọ́wọ́ láti sọ ọ́ láìsí ìbínú.

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ọwọ́ tálákà ni àwa pàápàá ti gba ìhìnrere. Ní ọdún 1821 ni a kó Àjàyí ní ìlú Òṣogùn. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn olówò ẹrú. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, tí a sì mú un lọ sí Sàró. Ọmọ tí kò ní baba nítòsí, tí kò ní ilẹ̀, tí aṣọ ọrùn rẹ̀ pàápàá jẹ́ ti ìtọrẹ, ni a ṣe ìrìbọmi fún ní ọdún 1825 tí ó di Samuel Crowther. Nígbà tí ó dé Abẹ́òkúta pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Townsend ní ọdún 1846, ó tún rí ìyá rẹ̀ Àfàlá lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìyá náà wà lára àwọn àkọ́so tí a ṣe ìrìbọmi fún ní ìlú náà ní oṣù kejì ọdún 1848. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864 ni a gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí ní Canterbury gẹ́gẹ́ bí Bíṣọ́ọ̀bù.

Ìpínlẹ̀ iṣẹ́ tí a fi fún Bíṣọ́ọ̀bù náà kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Odò Ọya ni a rán an sí, níbi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní Onitsha ní ọdún 1857 lábẹ́ àlùfáà J. C. Taylor, ọmọ Igbo tí a bí ní Sàró. Àlejò ni Crowther láàárín Igbo àti Núpé. Ògbùfọ̀ ni ó ń bá a sọ̀rọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbìyànjú láti ṣe ìwé ABD fún àwọn ará Igbo. Púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ tí ó kó lọ láti Sàró ń wọ kóòtù, wọ́n ń gbé inú ilé alájà, ọkọ̀ àwọn oníṣòwò sì ni ó ń gbé oúnjẹ wọn. Ojú òyìnbó dúdú ni àwọn ará abúlé fi ń wò wọ́n. A kò gbọdọ̀ bo èyí mọ́lẹ̀ nítorí pé wọ́n jẹ́ tiwa.

Síbẹ̀ ọgbọ́n kan wà lọ́wọ́ Bíṣọ́ọ̀bù náà tí a kò tíì lò tán títí di òní. Ní ọdún 1869, ní Lọ́kọ́ja, ó kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ, ó sì kìlọ̀ fún wọn pé ìsìn Krístì kò wá láti pa gbogbo àṣà orílẹ̀-èdè run. Ó dárúkọ àwọn ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ tí àwọn ènìyàn ń dá láàárín ara wọn. Ó ní kí a má ṣe kẹ́gàn wọn, bí ohun òrìṣà bá wà nínú èyíkéyìí kí a tún un ṣe kí ó bá ìlànà Krístì mu. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ọkùnrin tí ó ti jẹ́ ẹrú rí ni ó ń sọ̀rọ̀, ó sì mọ̀ pé kí oníwàásù tó dé ni aláìní ti ń gbé ẹrù ara wọn.

Àwọn ẹrú pọ̀ nínú àwọn tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní tòótọ́. Ẹrú ni Joshua Hart ti Bonny, ẹni tí a pa ní ọdún 1875 nítorí pé ó kọ̀ láti lọ́wọ́ sí ohun ìrúbọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ pé iṣẹ́ Crowther kò dé ọ̀dọ̀ tálákà, kí ó kọ́kọ́ dá wa lóhùn lórí èyí.

Nísinsìnyí a dé ọdún 1890. Ní ọdún náà ni Ẹgbẹ́ C.M.S. rán àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan wá sí apá òkè Odò Ọya. Graham Wilmot Brooke, tí kò ì tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, àti àlùfáà J. A. Robinson ni olórí wọn. Ìtara wọn kò kéré rárá. Wọ́n bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, wọ́n wọ aṣọ Hausa, wọ́n ń gbé ilé tí a kọ́ bí ti àwọn ará ìlú ní Lọ́kọ́ja, wọ́n sì sọ pé àwọn kò fẹ́ ààbò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwa tí a ti rí òyìnbó tí kò jẹ́ jókòó sórí àga aládùúgbò rẹ̀ kò lè ṣe aláì yìn wọ́n fún èyí.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè wọ aṣọ àlejò lè má lè jókòó lẹ́sẹ̀ àgbà. Àwọn òyìnbó wọ̀nyí rí ẹ̀bi nínú ìjọ tí Crowther ti kó jọ, ẹ̀bi sì wà níbẹ̀: òṣìṣẹ́ mìíràn ń ṣòwò, òmíràn hu ìwà tí a kò lè kọ síhìn-ín. Dípò kí wọ́n wá ẹni tí ó jẹ̀bi lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n fi wo gbogbo agbo. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, nínú ìjókòó ìgbìmọ̀ ní Onitsha, àwọn òyìnbó inú ìgbìmọ̀ náà yọ òṣìṣẹ́ lẹ́yìn òṣìṣẹ́ níwájú Bíṣọ́ọ̀bù tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọ́n sì fi ọwọ́ kan Archdeacon Dandeson Crowther, ọmọ bíbí rẹ̀. Bàbá náà fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891 ni ó sùn nínú Olúwa ní Èkó.

Robinson ti kú ṣáájú rẹ̀ ní ọdún 1891. Brooke kú ní ọdún 1892, ní Lọ́kọ́ja náà. Ibà ilẹ̀ wa kò bọ̀wọ̀ fún ìtara. Dandeson àti àwọn ìjọ etí òkun dá dúró ní ọdún 1892, wọ́n ń bọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn fúnra wọn. Ẹnìkan nínú àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó náà, Henry Dobinson, yí ọkàn padà, ó sì jẹ́wọ́ pé àwọn ti ṣe àṣìṣe sí àwọn ará wọn kí ó tó kú ní ọdún 1897. Àwa ka ìjẹ́wọ́ rẹ̀ sí iṣẹ́ tí ó tóbi ju gbogbo ìwàásù rẹ̀ lọ. Síbẹ̀ ó lé ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú Crowther kí ọmọ ilẹ̀ wa tó tún di olórí dáyósísì. Olùrànlọ́wọ́ ni a fi Oluwole àti Phillips ṣe ní ọdún 1893.

Nígbà tí a wà ní ọ̀dọ́, a máa ń ka ìtàn yìí pẹ̀lú ìkannú sí òyìnbó. Nígbà tí a di olùkọ́-ìjọ ní abà kòkó kan ni ojú wa là sí ara wa. Àwọn alágbàṣe ará Ìgbìrà àti Àgàtú pọ̀ ní abà náà. Nígbà Ìkórè a máa ń fi iṣu àti àlòkù aṣọ ránṣẹ́ sí wọn, a sì máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọkàn rere wa. Wọ́n ń jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn. Kò sí ẹnìkan nínú wa, àwa olùkọ́ pàápàá, tí ó mọ bí a ti ń kí ni ní èdè wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ọ̀kan nínú wọn kú. A kó àwọn àgbà ìjọ jọ láti dá owó ìsìnkú. Nígbà tí a gbé owó náà dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹni tí í ṣe olórí wọn dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá Olùkọ́, ẹ ṣeun. A ti dá a.” Wọ́n ní ẹgbẹ́; ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń dá owó, wọ́n ti ra pósí, wọ́n sì ti yan ẹni tí yóò mú ìròyìn lọ sílé. Ojú tì wá. Ohun tí Crowther sọ ní ọdún 1869 ni a rí níwájú wa, tí a kò sì mọ̀ pé ó wà ní abà wa fún ọdún méje.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń lọ jókòó nínú ìpàdé ẹgbẹ́ wọn ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, lórí àpótí kékeré, bí akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n kọ́ wa ní ìkíni. Wọ́n fi wá rẹ́rìn-ín púpọ̀. Díẹ̀ nínú wọn ṣe ìrìbọmi, púpọ̀ kò ṣe é. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ni ó po ẹrẹ̀, tí wọ́n sì ru òkúta ilé ìsìn tí ó wà ní abà náà dòní.

A ti wo ìwé orúkọ àwọn tí ó kọ́ ilé náà, èyí tí a fẹ́ tẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé ìrántí yìí. Orúkọ àwọn tí ó dá owó pé níbẹ̀, títí dé orí àwọn tí ó dá ṣílè méjì. Orúkọ àwọn tí ó ru òkúta kò sí níbẹ̀. A ti kọ mọ́kàndínlógún tí a rántí nínú wọn sílẹ̀ bí wọ́n ti ń pe ara wọn, kì í ṣe bí a ti ń pè wọ́n, a sì ti fi lé Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ lọ́wọ́.