Ọ̀nà Àbíjàn àti Àjàkálẹ̀ Àrùn ní Èjìgbò

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ọmọ Èjìgbò, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí, àti agbègbè rẹ̀ ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire. Àbíjàn di ilé kejì fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ọkọ̀ ń gbéra láti Èjìgbò, á gba Benin, Togo àti Ghana kọjá, kò sì jẹ́ ìyàlẹ́nu láti bá èdè Faransé àti owó sẹ́fà pàdé ní Èjìgbò. Ibi tí èrò bá ń gbà, àrùn náà lè gbà á.

Èyí tí wọ́n bẹ̀rù jù láyé àtijọ́ ni ṣànpọ̀nná. Wọn kì í pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba. Olóde tàbí ilẹ̀gbóná ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó bá pa, wọn kì í sunkún rẹ̀, ọpẹ́ ni wọ́n ń dú. Òrìṣà ni wọ́n ka ṣànpọ̀nná sí, àwòrò rẹ̀ ni ó ń sin òkú náà sínú igbó, òun náà ni ó sì ń kó ẹrù olóògbé. Ọgbọ́n wà nínú gbígbé òkú jìnnà sí agboolé. Ṣùgbọ́n inú ẹrù yẹn gan-an ni ewu wà, nítorí àrùn náà lè wà lára aṣọ tí aláìsàn ti lò. Dókítà Ògúntọ́lá Sapara, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, wọ ẹgbẹ́ olórìṣà náà ní bòńkẹ́lẹ́, ó sì ròyìn pé àwọn kan nínú wọn ń tan àrùn ọ̀hún kálẹ̀. Ní 1917, ìjọba òyìnbó fòfin de ìsìn náà.

Òfin kò pa ṣànpọ̀nná. Bíbupá ni ó pa á. Ní oṣù kìíní 1967, iṣẹ́ láti pa á run bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè bí ogún ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà. Nàìjíríà àti Côte d'Ivoire wà nínú wọn, àti gbogbo ilẹ̀ tí ọ̀nà Àbíjàn là kọjá. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gbẹ́yìn, èrò ọkọ̀ ni ìbá máa dá àrùn náà padà. Yàtọ̀ sí pé wọ́n ń bupá fún gbogbo èèyàn, wọ́n tún ń wá ilé tí aláìsàn wà, wọ́n á bupá fún àwọn tó yí i ká. Nígbà tí yóò fi di oṣù karùn-ún 1970, ó ti tán ní gbogbo agbègbè náà.

Ní 1987, ibà apọ́njú-pọ́ntọ̀ jà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Èjìgbò ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Èyí yàtọ̀: inú omi tí wọ́n pọn pamọ́ sílé ni ẹ̀fọn tó ń gbé e kiri ti ń pamọ. Dídé àmù àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ààbò.

Ọ̀nà Àbíjàn tún padà sórí ọ̀rọ̀ ní 2020. Ní ìparí oṣù kẹta, lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde títi ibodè nítorí kòrónà, èèyàn 127 ti Côte d'Ivoire wọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìjọba Gómìnà Gboyega Oyetola dá wọn dúró sí Èjìgbò, wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, ogún ni iye aláìsàn Ọ̀ṣun, Èkó àti Àbújá nìkan ló ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló wà lára èrò ọ̀hún, ibùdó ìyàsọ́tọ̀ ni wọ́n sì ti rí wọn kí wọ́n tó wọ agboolé.