Àtẹ Ìràwọ̀ àti Ìtàn Ọmọ Aráyé

Láti ìgbà tí aláyé ti dáyé ni ọmọ ènìyàn ti máa ń gbójú sókè nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá ta kókó mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ọba ńlá kan bá wàjà lójijì, tí ìlú tó ti ń gbèrú di ahoro, tí ọmọ tálákà gorí ìtẹ́ tí ọmọ aládé sì di ẹni ìgbèkùn, ọkàn ènìyàn kì í gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣáà ṣẹlẹ̀. Ìdí abájọ ni í máa wá kiri. Àwọn àgbà wa ní bí òní ti rí, ọ̀la kò rí bẹ́ẹ̀, òun ní í mú babaláwo dífá ọrọọrún. Ní Bàbílónì, ní Páṣíà, ní ilẹ̀ Lárúbáwá àti ní Yúróòpù, ojú ọ̀run ni àwọn ọlọ́gbọ́n kọjú sí láti wá ìdí ọ̀la, àti láti wá ìdí àná pẹ̀lú. Ìtàn àwọn awòràwọ̀ wọ̀nyí ni mo fẹ́ sọ, àwọn tí wọ́n gbé àtẹ ìràwọ̀ kalẹ̀ láti fi túmọ̀ ìdìde àti ìṣubú ìjọba, àti ìgbésí ayé àwọn ẹni tí òkìkí wọn kàn yí ayé ká.

Àtẹ ìràwọ̀ ni àwòrán ojú ọ̀run bó ti wà ní wákàtí kan pàtó lókè ìlú kan pàtó. Awòràwọ̀ a pín ọ̀nà tí oòrùn ń tọ̀ láàárín ọdún sí àmì méjìlá, a sì tún pín ojú ọ̀run sí ilé méjìlá, ilé ẹ̀mí, ilé ọrọ̀, ilé ìgbéyàwó, ilé ikú, ilé ọlá àti àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà ni yóò wá fi oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀ márùn-ún tí ń rìn kiri, Mẹ́kúrì, Fẹ́núsì, Máàsì, Júpítà àti Sátọ̀n, sí ibi tí ìṣirò bá fi wọ́n sí. Àmì tó bá ń yọ lọ́wọ́ ní ìlà-oòrùn ní ìṣẹ́jú tí ọmọ bọ́ sílẹ̀ ni olórí àtẹ, òun ni gbogbo ilé yòókù ń tẹ̀lé. Nítorí náà, bí wákàtí ìbí bá yẹ̀ díẹ̀, gbogbo àtẹ yẹ̀ nìyẹn. Kí òǹkàwé mi jọ̀wọ́ fi èyí sọ́kàn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ọ̀rọ̀ ọba àti ti ìlú nìkan ni àwọn ará Bàbílónì ń bi ìràwọ̀: ogun, ìyàn, àjàkálẹ̀ àrùn, àti ikú aládé. Àtẹ ìbí tí ó lọ́jọ́ lórí jù lọ nínú èyí tí a rí, tí a kọ sára wàláà amọ̀, ti ọdún 410 ṣáájú ìbí Kírísítì ni. Nígbà tí ìmọ̀ náà dé ọwọ́ àwọn Gíríìkì, Ptolemy, ọlọ́gbọ́n ìlú Alẹkisáńdríà ní ilẹ̀ Íjíbítì, kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú ìwé alápá mẹ́rin ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Kírísítì. Ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè àti ìlú ni ó fi ṣáájú, kí ó tó kan ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí ó gbà pé bí àjálù bá dé bá ìlú, ire tó wà nínú àtẹ ẹnì kan kò tó láti yọ ọ́ nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Baghdad ni mo ka sí ilé àti ọ̀nà iṣẹ́ yìí. Nígbà tí Kálífà al-Mansur fẹ́ tẹ ìlú tuntun dó sí etí odò Tígírísì, kò jẹ́ kí ọ̀mọ̀lé fi ọwọ́ kan bíríkì títí àwọn awòràwọ̀ fi yan wákàtí tó dára. Nawbakht ará Páṣíà àti Masha'allah, Júù ọmọ Basra, wà lára àwọn tí ó pè. Wọ́n jókòó ti ìṣirò, wọ́n sì mú ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 762, ní wákàtí tí Júpítà, ìràwọ̀ oríire, wà nínú àmì tó ń yọ bọ̀. Al-Biruni, àgbà ọ̀mọ̀wé, tún ipò àwọn ìràwọ̀ ọjọ́ náà kọ sínú ìwé rẹ̀ ní nǹkan bí 200 ọdún ó lé lẹ́yìn náà, èyí ló sì jẹ́ kí a mọ ọjọ́ ìbí ìlú náà bí ẹni mọ ọjọ́ ìbí ọmọ. Ìlú Àlàáfíà ni wọ́n sọ ọ́. Àwọn òpìtàn ibẹ̀ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé awòràwọ̀ ṣèlérí fún al-Mansur pé kálífà kan kò ní kú sínú odi rẹ̀. Al-Mansur fúnra rẹ̀ kú lójú ọ̀nà Mẹ́kà ní 775, Harun al-Rashid kú sí Tus ní 809, àwọn ènìyàn sì ń kan sáárá sí àtẹ náà. Ṣùgbọ́n ní 813, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ-ogun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dó ti ìlú fún oṣù gbọọrọ, a pa Kálífà al-Amin ní Baghdad. Ìràwọ̀ kò dá ìjà ọmọ baba méjì dúró.

Masha'allah yìí kan náà ló kọ ìwé kan tí ó fẹ́ fi ojú ọ̀run ka gbogbo ìtàn ayé bí ẹni ka ìwé kan ṣoṣo. Ìpìlẹ̀ ìmọ̀ náà ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Páṣíà wá, ó sì rọrùn láti là yé ènìyàn. Júpítà àti Sátọ̀n, àwọn tí ìrìn wọn falẹ̀ jù nínú ìràwọ̀ márààrún, máa ń pàdé lójú ọ̀run ní nǹkan bí 20 ọdún síra wọn. Àmì méjìlá pín sí ìsọ̀rí mẹ́rin, ti iná, ti ilẹ̀, ti afẹ́fẹ́ àti ti omi; ìpàdé àwọn méjèèjì a sì máa wáyé nínú ìsọ̀rí kan fún nǹkan bí 240 ọdún kí ó tó bọ́ sí òmíràn, yóò sì tó 960 ọdún kí ó tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìpàdé ogún ọdún ni wọ́n fi túmọ̀ ìyípadà ọba, ìbọ́sí ìsọ̀rí tuntun ni wọ́n fi túmọ̀ ìyípadà ìdílé tó ń jọba, ìpadà sí ìbẹ̀rẹ̀ sì ni àmì wòlíì àti ẹ̀sìn tuntun. Ọ̀nà yìí ni Masha'allah gbà tò Ìkún-omi Nóà, ìbí Kírísítì àti ìdìde ẹ̀sìn Ìsìláàmù, èyí tí ó so mọ́ ìpàdé ọdún 571 nínú àmì Àkéekèé. Abu Ma'shar, ọmọ ìlú Balkh, tó gbajúmọ̀ jù lọ nínú wọn, sọ ẹ̀kọ́ náà di ìwé ńlá ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, wọ́n sì tú u sí èdè Látìn ní ọ̀rúndún kejìlá.

A kò gbọ́dọ̀ fi ojú kékeré wo iṣẹ́ ńlá yìí. Ní àkókò tí òpìtàn kọ̀ọ̀kan ń kọ ìtàn ọba tirẹ̀ nìkan, àwọn wọ̀nyí so ìtàn Júù, ti Páṣíà, ti Róòmù àti ti Lárúbáwá mọ́ okùn kan ṣoṣo, wọ́n sì ń bèèrè ohun tí í mú ìjọba ró àti ohun tí í mú un wó. Ìbéèrè àgbà ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ìdáhùn wọn ni kò tó ìbéèrè wọn.

Ìgbẹ̀yìn Baghdad fi èyí hàn. Nígbà tí Hulegu, ọmọ-ọmọ Genghis Khan, ń kó ogun Mọ̀ngólíà bọ̀ wá bá ìlú náà, awòràwọ̀ rẹ̀ Husam al-Din kìlọ̀ fún un pé bí ó bá gbógun ti kálífà, ẹṣin yóò kú, òjò kò ní rọ̀, ọba ńlá kan yóò sì papòdà. Hulegu bi Nasir al-Din al-Tusi, ẹni tí òun náà mọ ìràwọ̀ dunjú, ó sì dáhùn pé ọ̀kankan nínú rẹ̀ kò ní ṣẹ, Hulegu ni yóò jókòó sípò kálífà. Ojú ọ̀run kan náà ni àwọn méjèèjì wò. Ní oṣù Kejì ọdún 1258, Ìlú Àlàáfíà ṣubú, wọ́n pa Kálífà al-Musta'sim, ní ọdún tó tẹ̀ lé e sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwòràwọ̀ ńlá fún al-Tusi ní Maragha.

Ẹni tó wá fún ìbéèrè náà ní ìdáhùn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni Ibn Khaldun, ọmọ ìlú Tùnísì, nínú ìwé tó parí ní 1377. Ó ka iṣẹ́ àwọn awòràwọ̀, ó tò ó lẹ́sẹẹsẹ, lẹ́yìn náà ló fi yé ni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀. Ó ní ìṣọ̀kan àwọn ará ilé kan náà, tí ìyà aṣálẹ̀ ti so wọ́n pọ̀, ní í gbé ìjọba dìde. Ìgbádùn ààfin ní í tú ìṣọ̀kan náà. Ìdílé ọba kì í sì í sábàá kọjá ìran mẹ́ta, nǹkan bí 120 ọdún. Ó yọ ojú kúrò lójú ọ̀run, ó gbé e lé ìwà ènìyàn.

Yúróòpù kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀. Ní 1414, nígbà tí Ìjọ Àgùdà ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ tí ẹni mẹ́ta ń pe ara wọn ní Póòpù, Kádínà Pierre d'Ailly ọmọ ilẹ̀ Faransé gbé ẹ̀kọ́ Abu Ma'shar yẹ̀ wò, kí ó lè mọ̀ bóyá òpin ayé ló dé. Ìṣirò rẹ̀ fi í lọ́kàn balẹ̀ pé ayé ṣì kù. Ó sì kọ ọ́ pé bí ayé bá ṣì wà di ọdún 1789, ìyípadà ńláńlá tó yani lẹ́nu yóò wáyé, pàápàá nínú òfin àti ẹ̀sìn. Ọdún 1789 gan-an ni àwọn ará Faransé dìde sí ọba wọn. Kò sí ẹni tó gbọ́ èyí tí ara rẹ̀ kì í bù máṣọ. Síbẹ̀, ọdẹ tó ta ọgọ́rùn-ún ọfà wọ inú igbó, ọ̀kan tó bá ẹran ni aráyé ń ròyìn. Gbèsè tó wọ ìjọba Faransé lọ́rùn, owó-orí tó wà lórí tálákà nígbà tí ọ̀tọ̀kùlú kò san, àti yìnyín tó ba irè oko jẹ́ ní 1788 tí búrẹ́dì fi wọ́n bí ojú, àwọn wọ̀nyí ló lé ènìyàn jáde sí ìgboro Páríìsì.

Ọfà tí kò bá ẹran pọ̀. Johannes Stöffler ará Jámánì tẹ ìwé kàlẹ́ńdà jáde ní 1499, ó fi hàn pé ní oṣù Kejì ọdún 1524 ìràwọ̀ yóò pàdé ní ogún ìgbà, mẹ́rìndínlógún nínú àmì omi. Kíá ni ìwé ìkìlọ̀ gbalẹ̀ pé ìkún-omi ń bọ̀. Ẹ̀rù ba Yúróòpù. Oṣù náà dé, ó sì lọ, ayé kò rì. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Jámánì ṣọ̀tẹ̀ sí àwọn olúwa wọn lọ́dún náà àti ní 1525, àwọn kan yára sọ pé òun ni ìkún-omi tí ìràwọ̀ wí.

Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Girolamo Cardano, oníṣègùn àti ọ̀gá nínú ìṣirò ní Ítálì, wo ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀. Ní 1552, nígbà tó ń darí bọ̀ láti Skọ́tìláǹdì níbi tó ti lọ tọ́jú Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà John Hamilton, ó yà kí Ọba Edward Kẹfà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún 15. Ó gbé àtẹ rẹ̀ kalẹ̀, ó sì ka àrùn tí yóò ṣe ọba náà títí dé ìgbà tí yóò pé ọdún 55, oṣù mẹ́ta àti ọjọ́ 17. Ní oṣù Keje ọdún 1553, ọba wàjà. Cardano kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́: ó tẹ àtẹ náà jáde, ó sì ṣàlàyé sí i bí ó ṣe yẹ kí òun ti rí ikú níbẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún òtítọ́ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n àtẹ tí a fi ka ẹ̀mí gígùn lánàá, tí a sì fi ka ikú òjijì lónìí, ohun tí etí ti gbọ́ ló ń sọ fún ojú.

Ti Wallenstein ló ṣe kedere jù. Ní 1608, ẹnì kan bá ọ̀dọ́ ìjòyè ọmọ ilẹ̀ Bòhẹ́míà yìí bẹ Johannes Kepler, onímọ̀ ìṣirò ọba ńlá ní Prague, láti ka àtẹ ìbí rẹ̀ láì dárúkọ onítọ̀hún. Kepler rí ẹni tí ipò ń wù, tí yóò ní ọ̀tá púpọ̀, tí yóò sì fẹ́ opó olówó ní nǹkan bí ọmọ ọdún 33. Wallenstein fẹ́ opó olówó náà ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ní 1609 ni, ọdún púpọ̀ ṣáájú. Nígbà tó di ọ̀gágun tí gbogbo Jámánì ń wárìrì fún, ó dá àtẹ náà padà pé kí wọ́n tún un ṣe. Kepler sì sún wákàtí ìbí rẹ̀ síwájú ní ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó lè bá ohun tó ti ṣẹlẹ̀ mu. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí òǹkàwé fi ọ̀rọ̀ wákàtí ìbí sọ́kàn: ìgbésí ayé ló ń túmọ̀ ìràwọ̀ níhìn-ín. Kepler fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún ọ̀gágun náà pé kí ó má ṣe rò pé ojú ọ̀run nìkan ló ń darí ọ̀rọ̀ ayé. Ó ka àtẹ náà dé oṣù Kẹta ọdún 1634, ó rí rògbòdìyàn níbẹ̀, ó sì dákẹ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún náà, àwọn ọ̀gá ológun tó dúró ti ọba ńlá pa Wallenstein ní ìlú Cheb. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n Wallenstein ti ń bá àwọn ọ̀tá ọba rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní bòńkẹ́lẹ́, ọba sì ti gbọ́. Ohun tó pa á nìyẹn.

Ìmọ̀ yìí dé ilé wa pẹ̀lú. Pẹ̀lú ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni ìwé àwọn Lárúbáwá fi la aṣálẹ̀ kọjá, àwọn ààfáà ilẹ̀ Yorùbá sì wà títí dòní tí wọ́n ń ṣírò ìràwọ̀ ènìyàn láti inú orúkọ rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀. Àwọn baba wa sì ti ní àkọsẹ̀jayé tiwọn, níbi tí a ti ń bi Ifá léèrè irú ẹsẹ̀ tí ọmọ tuntun gbé wáyé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà tí wọ́n gbà pé orí ni a yàn lọ́run náà ni wọ́n sọ pé ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Ìmọ̀ràn tèmi fún ẹni tó bá ń kọ ìtàn ìlú tàbí ti ẹni ńlá ni pé kí ó jogún aápọn àwọn awòràwọ̀: kí ó wá ọjọ́, kí ó wá wákàtí, kí ó so ìtàn ilẹ̀ kan mọ́ ti òmíràn, kí ó má sì gbà pé nǹkan kan ṣẹ lásán. Nígbà tó bá sì kan ìdí abájọ, kí ó lọ sí ibi tí Ibn Khaldun lọ, sáàárín àwọn ènìyàn, kí ó bèèrè ẹni tó jẹ gbèsè, ẹni tí ebi pa, ẹni tó da ẹnì kejì rẹ̀ àti ẹni tó dúró tì í. Àwọn òkú kò lè dá wa lóhùn mọ́ bí a bá di iṣẹ́ ọwọ́ wọn ru ìràwọ̀. Ẹ̀tọ́ wọn ni kí a ka iṣẹ́ náà sí wọn lọ́rùn, rere àti búburú rẹ̀, nítorí àwọn ni wọ́n ṣe é.